Ilé shotgun onípákó ní New Orleans: kí ni kí n yẹ̀ wò kí n tó sanwó?

Àríkẹ́_Houston

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé kan wà ní Bywater, ní New Orleans, tí mo fẹ́ rà. Ilé shotgun ni: yàrá mẹ́rin tó tò tẹ̀lé ara wọn bíi wágọ́ọ̀nù rélùwéè, kò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, fífẹ̀ rẹ̀ ò ju ẹsẹ̀ bàtà 13 lọ. Wọ́n kọ́ ọ ní nǹkan bí ọdún 1895. Orí òpó bíríkì ló dúró sí, òpó náà ga tó ẹsẹ̀ bàtà méjì àbọ̀. Àjà rẹ̀ ga ju ẹsẹ̀ bàtà 12, fáráńdà kékeré kan sì wà níwájú. Ẹni tó ń tà á ní òun ti tún un ṣe tán: ọ̀dà funfun nínú àti níta, pákó ilẹ̀ ń dán gbinrin, ẹ̀rọ amúlétutù tuntun.

Ilé náà wù mí, àmọ́ àwọn nǹkan kan ń kọ mí lóminú. Ilẹ̀ yàrá kẹta dagun. Téèyàn bá gbé ọsàn sílẹ̀, yóò yí lọ bá ògiri. Nínú fèrèsé mẹ́jọ, mẹ́fà kò ṣeé ṣí. Ẹni tó ń tà á ní kí n yọ gbogbo wọn dànù, kí n fi oníke tuntun sí i. Ọ̀rọ̀ ikán ń kọ́? Báwo ni wọ́n tiẹ̀ ń gbé nínú ilé tí àlejò ní láti gba yàrá oníyàrá kọjá kó tó dé ilé ìdáná? Ẹnì kan tún sọ fún mi pé ọ̀dọ̀ wa ni irú ilé yìí ti ṣẹ̀ wá. Ṣé òótọ́ ni àbí ó ń fi mí ṣeré?

Òòlù_àti_Ayùn

Àbúrò, abẹ́ ilé ni kí o ti bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì ni ọ̀dà funfun àti ilẹ̀ tó ń dán, kò sọ nǹkan kan fún ọ. Ohun tó gbé ilé náà ró láti ìgbà yẹn wá wà nísàlẹ̀, níbi tí àwọn tó ń ra ilé kì í fẹ́ fàyà fà dé.

Mú tọ́ọ̀ṣì tó mọ́lẹ̀ dáadáa, sukudiráfà ẹlẹ́nu pẹlẹbẹ, àti ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń wọn omi inú igi. Ìtì igi ńlá kan wà tó yí ìdí ilé ká, òun ló jókòó lórí òpó bíríkì. Máa fi sukudiráfà gún un ní ẹsẹ̀ méjì-méjì. Má fo abẹ́ ilé ìwẹ̀, má fo abẹ́ ilé ìdáná, má sì fo ibi tí fáráńdà ti fara kan ilé, torí ibẹ̀ ni omi òjò máa ń sá pamọ́ sí. Igi tó le ò ní jẹ́ kí irin wọlé. Èyí tó ti jẹrà yóò gbà á wọlé bí ẹni ń gún iṣu sísè. Tí ẹ̀rọ bá ń ka omi tó ju 20% lọ nínú igi náà, ìjẹrà ti ráyè níbẹ̀ nìyẹn, bí ojú igi tiẹ̀ ṣì dára.

Ìdí mẹ́rin ló sábà máa ń mú ilẹ̀ dagun bẹ́ẹ̀: òpó kan ti rì sínú ilẹ̀ (ilẹ̀ New Orleans rọ̀ púpọ̀), tàbí ìtì ìdí ilé ti rà, tàbí páìpù ń jò láti ọjọ́ pípẹ́, tàbí pọ́mbà kan ti fi ayùn gé àwọn igi tó gbé pákó ilẹ̀ ró kí páìpù rẹ̀ lè ráyè kọjá. Wá èyí tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó sọ iye owó fún ọ. Tí wọ́n bá gbé ilé sókè tí wọn ò dí ibi tí omi ti ń jò, ọdún mẹ́ta sí i, ẹ tún padà síbẹ̀.

Ní ti gbígbé e sókè: wọn á to igi onííǹṣì 6×6 ní àgbélébùú lórí ilẹ̀ kí jáàkì má baà rì, jáàkì olómi oní-20-tọ́ọ̀nù á wà lórí rẹ̀, igi gígùn kan á sì wà láàárín jáàkì àti ilé kó lè pín ẹrù náà. Íǹṣì 1/8 lójúmọ́, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ní òun á gbé e sókè íǹṣì 2 lọ́sàn-án ọjọ́ kan, dá a padà sílé rẹ̀, torí ògiri á sán, gíláàsì á fọ́, páìpù á já. Má sì bá wọn lépa kí ilẹ̀ tẹ́ gẹ́lẹ́ bí omi inú àwo. Ilé yìí ti rì díẹ̀díẹ̀ fún ọgọ́rùn-ún ọdún, àwọn kápẹ́ńtà ìgbà náà sì ti fá ilẹ̀kùn àti fèrèsé kó lè bá bó ṣe dagun mu. Tí o bá tọ́ ọ pátápátá, gbogbo ilẹ̀kùn rẹ ni yóò há. Ohun tó yẹ kí o máa lé ni kó má rì mọ́.

Tí ìtì ìdí ilé bá ti rà, ẹ gé apá tó rà kúrò, kí ẹ fi igi tí wọ́n ti fi òògùn sí rọ́pò rẹ̀, kí orí òpó sì jẹ́ ibi tí oríkèé méjèèjì ti pàdé. Má gbà kí wọ́n so ó pọ̀ láàárín òpó sí òpó. Kí ẹ fi páànù tín-ín-rín sáàárín bíríkì àti igi, kí etí rẹ̀ yọ síta kó sì tẹ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀. Páànù yẹn ò lè dá ikán dúró, àmọ́ ó ń fipá mú un gba ìta, níbi tí ojú rẹ á ti rí ọ̀nà ẹrẹ̀ rẹ̀.

Ikán tó wà níbẹ̀ kì í ṣe irú tiwa nílé. Ikán Formosa ni. Ọkọ̀ àwọn ológun ló gbé e dé lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì. Láti ìparí oṣù kẹrin sí oṣù kẹfà, èsúnsún rẹ̀ máa ń tú jáde ní ìrọ̀lẹ́, wọn á bo gbogbo gílóòbù ojú pópó. (Tiwa la máa ń yan jẹ, tiwọn ló ń jẹ ilé.) Ohun tó burú nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni pé kò nílò ilẹ̀ dandan. Tí òrùlé bá ń jò tí igi òkè sì ń tutù, ó lè kọ́ ilé rẹ̀ sínú ògiri rẹ kó má sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Torí náà, fi ẹ̀yìn sukudiráfà kan igi férémù ilẹ̀kùn, fèrèsé àti igi abẹ́ òrùlé. Èyí tó bá ń dún bí igbá òfìfo, ẹ tú u wò. Béèrè bóyá ilé náà ní àdéhùn lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ apakòkòrò tí wọ́n ń tún ṣe lọ́dọọdún, kí o sì ka ìwé náà: àwọn kan ń ṣèlérí àtúnṣe ohun tí ikán bá jẹ, àwọn kan kàn ń ṣèlérí pé àwọn á tún fín òògùn lẹ́ẹ̀kan sí i ni.

Pákó ilẹ̀ ń kọ́? Tó bá jẹ́ páìnì àtijọ́ aláwọ̀ pupa, ohun ìṣúra ni, wọn kì í gé irú rẹ̀ mọ́. Tẹ orí rẹ̀ bá ilẹ̀. Tí o bá ń rí orí ìṣó láàárín pákó, tàbí tí etí pákó ń já bí èérún, ẹ̀rọ ti fá a jù. Pákó náà kò ju íǹṣì 3/4 lọ nípọn, ahọ́n tó fi wọ inú ara wọn sì wà ní àárín, nítorí náà ohun tó ṣeé fá lórí ahọ́n yẹn kò ju íǹṣì 1/4 lọ fún gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Àlàfo tó wà láàárín pákó ńkọ́, fi í sílẹ̀. Lásìkò ooru yóò sún mọ́ra. Pọ́tì tí o bá fi dí i yóò fọ́ yọ jáde.

Alágbà_Fèrèsé

Ẹ jẹ́ kí n dá sí ọ̀rọ̀ fèrèsé. Ẹ má yọ wọn o. Fèrèsé oníke onígíláàsì méjì, tí ìdè àárín gíláàsì rẹ̀ bá ti já, kùrukùru á wọ inú ẹ̀, ìdè náà kò ṣeé lẹ̀ padà, odidi gíláàsì méjèèjì lẹ ó pààrọ̀. Fèrèsé 1895 yẹn, tí igun kan bá rà, igun yẹn nìkan lẹ ó pààrọ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, Bywater wà lábẹ́ Historic District Landmarks Commission, ìgbìmọ̀ ìlú náà tó ń dáàbò bo àdúgbò àtijọ́. Inú ilé kò kàn wọ́n. Ìta ló kàn wọ́n, ẹ sì gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ kí ẹ tó pààrọ̀ fèrèsé. Tí ẹni tó ń tà á bá ti pààrọ̀ nǹkan kan níta láìgba àṣẹ, ọrùn ẹni tó bá rà á ni ẹjọ́ náà ń bọ́ sí. Ẹ bi í, kó mú ìwé jáde.

Ohun tó dí mẹ́fà yẹn, ọ̀dà ni. Wọ́n kùn ún pọ̀ mọ́ férémù. Ó sì ṣeé ṣe gan-an pé ọ̀dà olójé wà nísàlẹ̀ èyí tuntun, nítorí ìgbà tó di 1978 ni Amẹ́ríkà tó fòfin de òjé nínú ọ̀dà ilé. Nítorí náà ẹ má fi sáńpépà gbígbẹ fá a, ẹ má sì fi iná yọ ọ̀dà náà; èéfín òjé ń wọ ẹ̀jẹ̀. Ẹ tẹ́ ọ̀rá nípọn sílẹ̀, ẹ bu omi sí i kí ẹ tó ha á, kí ẹ sì fi ẹ̀rọ agbálẹ̀ onísẹ́ HEPA (sẹ́ tó ń mú eruku tó kéré jù) gbá ibẹ̀. Ìgbálẹ̀ lásán ń fẹ́ eruku náà káàkiri ni. Tó bá jẹ́ òṣìṣẹ́ lẹ gbà, láti 2010 ni òfin ìjọba àpapọ̀ ti ní kó ní ìwé-ẹ̀rí iṣẹ́ ọ̀dà olójé kó tó fọwọ́ kan ilé tó ṣáájú 1978. Tí ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́fà bá wà nílé, ẹ má jẹ́ kó wà nítòsí títí wọn á fi gbá ibẹ̀ tán.

Fèrèsé náà ní férémù gíláàsì méjì, ti òkè àti ti ìsàlẹ̀, tó ń lọ sókè sódò. Bí iṣẹ́ náà ṣe lọ nìyí. Ẹ fi ọ̀bẹ mímú fa ìlà sí ibi tí ọ̀dà ti so igi pọ̀, ní inú àti ní ìta. Ẹ yọ igi tẹ́ẹ́rẹ́ tó dí férémù ìsàlẹ̀ mú lápá inú; ẹ rọra, torí tó bá ṣẹ́, ẹ ó wá irú rẹ̀ tì. Ẹ gbé férémù ìsàlẹ̀ jáde, ẹ tú okùn rẹ̀, àmọ́ ẹ di okùn náà mú! Irin wíwúwo kan so kọ́ ní òdìkejì nínú ògiri. Tó bá bọ́ lọ́wọ́ yín, ìsàlẹ̀ ni yóò balẹ̀ sí. (Ilẹ̀kùn kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ férémù tí wọ́n ṣe fún mímú un jáde. Ọ̀dà ti bò ó, àmọ́ ó wà níbẹ̀.) Lẹ́yìn náà ẹ yọ igi tín-ín-rín tó wà láàárín férémù méjèèjì, kí ẹ gbé ti òkè náà jáde.

Ẹ fi ooru omi tàbí ẹ̀rọ infrared rọ pọ́tì àtijọ́, kí ẹ yọ ọ́, kí ẹ fa àwọn irin wẹ́wẹ́ tó di gíláàsì mú jáde. Gíláàsì yẹn rí wúruwùru bí ojú omi, ẹ má fọ́ ọ, ẹ fi àmì sí i pé èyí ni ti òkè lápá òsì. Ẹ fi ọ̀dà ìpìlẹ̀ olóróró kun ojú ibi tí gíláàsì ń jókòó. Tí ẹ bá fo èyí, igi á fa òróró inú pọ́tì mu, pọ́tì á gbẹ kò ní lẹ̀ mọ́, ọdún méjì péré ó ti ń já. Ẹ tẹ́ pọ́tì olóróró linseed díẹ̀ sísàlẹ̀, ẹ tẹ gíláàsì lé e, ẹ kan irin wẹ́wẹ́ padà, ẹ wá fi pọ́tì dí ojú rẹ̀ ní ìdagẹ̀rẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kó fi hu awọ. Nígbà tí ẹ bá ń kun ún, kí ọ̀dà kọjá pọ́tì wọ orí gíláàsì ní íǹṣì 1/16. Ìlà ọ̀dà tín-ín-rín yẹn ló ń dá omi dúró. Àwọn ọ̀lẹ máa ń fi téèpù dí i kó lè mọ́ lójú, omi á sì gba abẹ́ rẹ̀ wọlé.

Okùn tuntun: okùn òwú fún fèrèsé, Nọ́ńbà 8. Ìwọ̀n irin méjèèjì tó so mọ́ férémù kan gbọ́dọ̀ sún mọ́ ìwúwo férémù náà. Ti òkè, kí irin wúwo jù ú lọ díẹ̀ kó lè máa fà á sókè; ti ìsàlẹ̀, kí irin fúyẹ́ díẹ̀ kó lè jókòó. Tí ẹ bá pààrọ̀ gíláàsì sí èyí tó nípọn, ìṣirò yẹn ti dàrú nìyẹn.

Ẹ má gbàgbé pé férémù òkè náà gbọ́dọ̀ ṣí. Wọ́n ṣí òkè kí ooru lè jáde, wọ́n ṣí ìsàlẹ̀ kí atẹ́gùn lè wọlé. Ẹni tó kùn ún pa ló pa ilé náà.

Ọmọ_Ifẹ̀_ní_Georgia

Ìyáàfin Àríkẹ́, kì í ṣe eré. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan wà, John Michael Vlach, tó kọ ọ́ jáde ní 1976 pé gbòǹgbò ilé shotgun wà ní ilẹ̀ Yorùbá. Bó ṣe tò ó nìyí: ilé oníyàrá méjì ti àwa Yorùbá, tó jẹ́ bíi ẹsẹ̀ bàtà 10 ní fífẹ̀ àti 20 ní gígùn, bá àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú dé Saint-Domingue, tó di Haiti lónìí. Níbẹ̀ ó pàdé ilé àwọn ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀, èyí tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ tóóró, àti iṣẹ́ kápẹ́ńtà àwọn Faransé. Ní 1809 sí 1810, àwọn tó ti sá kúrò ní Saint-Domingue lọ sí Kúbà, tí wọ́n tún lé wọn kúrò ní Kúbà, dé New Orleans. Wọ́n ju ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án lọ, aláwọ̀ funfun, aláwọ̀ dúdú tó ti di òmìnira, àti ẹrú. Ilé náà bá wọn wọ̀lú.

Àwọn kan ò gbà. Wọ́n ní ilẹ̀ tóóró tí wọ́n pín láàárín ìlú ló fa ilé tóóró, kò sí ohun mìíràn níbẹ̀. Ní ojú tèmi, ìwọ̀n yàrá yẹn ṣòro láti fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ẹni tó bá mọ yàrá ẹsẹ̀ 10 sí 10 tí bàbá wa ń kọ́ yóò mọ̀ ọ́n tó bá wọ inú rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni mi ò gbà tán. Àwọn ará ibẹ̀ ní ọta ìbọn lè gba ẹnu ọ̀nà iwájú jáde lẹ́yìn láìkan ògiri. Vlach ní ó lè jẹ́ ọ̀rọ̀ èdè Fọn kan tó túmọ̀ sí ibi ìpéjọ.

Houston tí ẹ wà náà ní tirẹ̀. Ẹ lọ sí Third Ward, sí Project Row Houses: ilé shotgun 22 tó dúró lórí ìlà, tí àwọn oníṣẹ́ ọnà bẹ̀rẹ̀ sí í tún ṣe ní 1993. Ẹ rìn láti iwájú dé ẹ̀yìn ọ̀kan nínú wọn kí ẹ tó lọ ra ti New Orleans.

Omi_Inú_Ògiri

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù nínú ohun tí ẹ kọ ni "ẹ̀rọ amúlétutù tuntun". Ilé yìí kò mọ amúlétutù nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ. Ó ń mí láti abẹ́, ó ń mí láti òkè. Ní oṣù keje ní New Orleans, omi inú afẹ́fẹ́ pọ̀ débi pé ohunkóhun tó bá tutù ju nǹkan bíi 75°F lọ yóò máa láàgùn bí ìgò ohun mímu tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ mú jáde látinú fíríìjì. Tí ẹ bá wá fi ẹ̀rọ sí 68, pákó ilẹ̀ ni ìgò náà, abẹ́ rẹ̀ á sì máa láàgùn lójoojúmọ́. Ẹ fi í sí 76 tàbí 78, kí ẹ lo fáànù òkè àjà. Ẹ béèrè ìwọ̀n ẹ̀rọ náà pẹ̀lú: èyí tó tóbi jù fún ilé á tètè mú un tutù, á sì kú kó tó fa omi jáde nínú afẹ́fẹ́. Ilé á tutù, á sì tún rinrin.

Ẹ wo abẹ́ ilé bóyá wọ́n ti fi òwú gíláàsì aláwọ̀ pupa há àárín àwọn igi. Tó bá wà níbẹ̀, ẹ fọwọ́ kàn án. Lásìkò ooru, òwú yẹn máa ń gba omi dúró sí ara igi. LSU AgCenter (ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Louisiana) àti àwọn onímọ̀ igi ìjọba àpapọ̀ yẹ ilé 12 wò ní gúúsù Louisiana, wọ́n gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2010: fóòmù tí omi kì í gbà kọjá ló dáàbò bo igi abẹ́ ilẹ̀ dáadáa, òwú kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ tí wọ́n tẹ́ rọ́bà lé ló burú jù, torí ó dí ọ̀nà tí omi ì bá fi gbẹ gba inú ilé. Nítorí náà ẹ má tẹ́ rọ́bà sí ilé ìdáná tàbí ilé ìwẹ̀, ẹ má sì lẹ pépà oníke mọ́ ògiri, ògiri á bu lẹ́yìn rẹ̀.

Ògiri fúnra rẹ̀ lè má ní ihò kankan láàárín. Ọ̀pọ̀ ilé bẹ́ẹ̀ ní New Orleans, pákó ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi kọ́ ọ: ọkọ̀ tó bá odò Mississippi sọ̀ kalẹ̀ kò lè gòkè padà, wọ́n á tú u, wọ́n á ta pákó rẹ̀. Pákó náà nípọn tó íǹṣì méjì, ó sì dúró ní ìnàró. Ẹni tó bá ní òun á fín fóòmù sínú irú ògiri bẹ́ẹ̀ kò tíì wo inú rẹ̀. Wáyà iná náà kò ráyè gba ibẹ̀, òkè àjà tàbí abẹ́ ilé ló gbọ́dọ̀ gbà. Owó tí ẹ bá fẹ́ fi dènà ooru, òkè àjà ni kí ẹ kọ́kọ́ ná an sí.

Òòlù_àti_Ayùn

Mo gba ti òwú gíláàsì. Ti fóòmù fífín ni mo ní àríyànjiyàn sí. Tí wọ́n bá ti fín in bo ìtì ìdí ilé, ta ni yóò rí ọ̀nà ẹrẹ̀ ikán mọ́? Ikán á máa jẹun lábẹ́ fóòmù, ẹni tó wá yẹ ilé wò á kọ ọ́ pé kò rí nǹkan kan, ilé-iṣẹ́ apakòkòrò sì lè fagi lé àdéhùn torí ẹ̀. Páátákó fóòmù líle tó ní bébà fàdákà lójú ni mo fẹ́, kí wọ́n kàn án mọ́ abẹ́ àwọn igi tó gbé pákó ilẹ̀ ró, kí wọ́n fi téèpù dí oríkèé rẹ̀, kí wọ́n sì fi ìtì ìdí ilé àti orí òpó sílẹ̀ ní gbangba. Ọjọ́ tí páìpù bá ń jò, wọn á kàn tú páátákó kan ṣoṣo.

Omi_Inú_Ògiri

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ fífín ni wọ́n ti ṣe ṣáájú, kí wọ́n ha á kúrò lára ìtì ìdí ilé yípo. Àti páìpù: ti abẹ́ ilé gbọ́dọ̀ wọ aṣọ fóòmù, kí táàpù tó ń pa omi odidi ilé sì wà níbi tí ọwọ́ tètè tó. New Orleans náà ń rí òtútù. Yìnyín bo ibẹ̀ ní oṣù kìíní 2025. Páìpù tó rọ̀ dirodiro lábẹ́ ilé gíga ló máa ń kọ́kọ́ bẹ́.

Ìyá_Fáráńdà

Ẹ ti sọ ti igi tán, ẹ jẹ́ ká sọ ti èèyàn tó máa gbé ibẹ̀. Yàrá tí ẹ bá fi ṣe yàrá ìsùn ló ń pinnu ohun gbogbo. Iwájú ni pálọ̀, ẹ̀yìn pátápátá ni ilé ìdáná àti ilé ìwẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni páìpù wà. Nínú méjì àárín, kí ọmọ tàbí àlejò wà nínú kejì, kí onílé wà nínú kẹta tó sún mọ́ ilé ìwẹ̀; ẹni tó bá dìde lóru kò ní gba orí ẹni tó ń sùn kọjá. Kí ibùsùn kọ̀yìn sí ògiri kan, kí ọ̀nà tó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ mẹ́ta ṣí sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì, ní ìlà ilẹ̀kùn sí ilẹ̀kùn. Ìlà yẹn ni ọ̀dẹ̀dẹ̀ yín. Ẹ má gbé nǹkan kan sí i. Kọ́bọ́ọ̀dù tó ga dé àjà, tí inú rẹ̀ kò ju íǹṣì 16 lọ, ló bá ilé yìí mu, torí òkè ni ààyè wà, fífẹ̀ kò sí.

Fèrèsé kékeré orí ilẹ̀kùn, ẹ rí i pé ó ń ṣí. Ilẹ̀kùn á wà ní títì kí ojú má tóni, atẹ́gùn á sì máa gba òkè kọjá.

Fáráńdà: ilẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ dagun síta ní íǹṣì 1/4 fún ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan, kí pákó rẹ̀ sì kọrí sí ìta bí omi ṣe ń ṣàn. Tí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ pákó, ẹ kun ojú, ẹ̀yìn, etí àti orí géńgé rẹ̀ kí ẹ tó kàn án. Orí tí wọ́n gé yẹn ló ń mumi jù, òun sì ni kápẹ́ńtà kì í rántí. Ẹ ó rí àjà fáráńdà aláwọ̀ ojú ọ̀run ní gbogbo Gúúsù. Ọ̀dọ̀ àwọn Gullah Geechee, àtìrandíran àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú, ní etíkun South Carolina àti Georgia ni àṣà náà ti gbilẹ̀, pé òkú tó ń rìn kiri kò ní sọdá rẹ̀. Àwọn mìíràn ní agbọ́n máa ń rò pé sánmà ni, kò ní kọ́lé síbẹ̀. Àwọ̀ náà rẹwà, àmọ́ ẹ tọ́jú ìgbálẹ̀ agbọ́n síbẹ̀ ná.

Àríkẹ́_Houston

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Mo ti fàyà fà wọ abẹ́ rẹ̀. Òpó méjì lábẹ́ yàrá kẹta: wọ́n fi sìmẹ́ńtì líle dí àárín bíríkì, sìmẹ́ńtì náà ṣì wà digbí, àmọ́ ojú bíríkì ń já bí àkàrà gbígbẹ. Ṣé kí n pààrọ̀ òpó ni? Agbaṣẹ́ṣe kan tún ní tí àtúnṣe bá pọ̀, ìjọba á ní kí n gbé odidi ilé sókè nítorí omíyalé.

Òòlù_àti_Ayùn

Àkọ́kọ́: sìmẹ́ńtì ló ń pa bíríkì. Bíríkì pupa tí wọ́n fi ẹrẹ̀ odò mọ nígbà náà rọ̀, ó ń mu omi, ó sì ń tú u jáde gba àárín, níbi tí ẹfun ìkọ́lé (lime) wà. Sìmẹ́ńtì ìgbàlódé le ju bíríkì náà lọ, kò jẹ́ kí omi jáde, nítorí náà ojú bíríkì lomi ń gbà jáde, ó sì ń bó o bí èèpo. Tí bíríkì bá ṣì kù tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, má pààrọ̀ òpó.

Ẹ fi ṣísẹ́ẹ̀lì àti òòlù yọ sìmẹ́ńtì náà, kì í ṣe ẹ̀rọ onígíráńdà, torí ó máa ń gé etí bíríkì. Kí jíjìn rẹ̀ tó ìlọ́po méjì àbọ̀ fífẹ̀ àárín náà: tí àárín bá jẹ́ íǹṣì 1/2, ẹ yọ ọ́ wọlé tó íǹṣì 1¼. Ẹ fọ eruku kúrò, ẹ rin bíríkì títí kò fi ní fa omi mọ́ lójú. Ẹ po ìwọ̀n ẹfun ìkọ́lé kan mọ́ ìwọ̀n iyanrìn onígun mímú mẹ́ta. Iyanrìn etíkun kò dára, iyọ̀ wà nínú rẹ̀. Ẹ máa ki àpòpọ̀ náà sínú àárín bíríkì ní ìpele-ìpele, kí ìpele kọ̀ọ̀kan má ju íǹṣì 1/4 lọ, kí ó le tó kí àtàǹpàkò lè fi àmì díẹ̀ sí i kí ẹ tó ki òmíràn. Nǹkan tó máa ń bà á jẹ́ ni gbígbẹ kíákíá. Ẹ fi àpò bíi ti kòkó, tí ẹ ti rin sínú omi, bò ó, kí ẹ sì máa wọ́n omi sí i fún ó kéré tán ọjọ́ mẹ́ta, ọ̀sẹ̀ kan tí oòrùn bá mú. Èyí tó bá gbẹ lọ́jọ́ kan á di ìyẹ̀fun.

Ní ti kejì, agbaṣẹ́ṣe yẹn sọ ìlàjì òótọ́. Òfin ìbánigbófò omíyalé ìjọba àpapọ̀ ní tí owó àtúnṣe bá tó 50% iye owó ilé (ilẹ̀ kò sí nínú ìṣirò), ilé gbọ́dọ̀ bá òfin gíga tuntun mu. Ṣùgbọ́n òfin kan náà yọ ilé tí ìjọba ti kà mọ́ ilé àtijọ́ sílẹ̀, tí àtúnṣe náà kò bá ti sọ ọ́ di ohun mìíràn. Lọ sí ọ́fíìsì ìwé àṣẹ ìlú, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọ pé ilé yẹn wà lára àwọn tí wọ́n kà, kí o sì gba ìwé tó ń sọ gíga ilẹ̀ ilé náà sí omi lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á. Adójútòfò á béèrè rẹ̀, á sì tún béèrè bóyá wáyà àtijọ́ onítáńganran ṣì wà lókè àjà. Gòkè lọ wò ó fúnra rẹ kó tó béèrè.

Alágbà_Fèrèsé

Tí ẹ bá ti wà lókè àjà, ẹ wo ibi tí igi òrùlé ti pàdé ògiri bóyá irin ti so wọ́n pọ̀ ní ojúkojú. Ìṣó lásán ni wọ́n lò nígbà náà. Irin yẹn kò wọ́n, òun ló sì ń di òrùlé mú tí ìjì bá dé. Àti ohun tó ṣe pàtàkì sí mi: kí ẹ tó sanwó, ẹ ka irin wíwúwo inú ògiri fèrèsé. Àwọn kan máa ń tà wọ́n fún àwọn tó ń ra irin àtijọ́ kí ẹni tó ń ra ilé tó dé.